Ẹ̀rọ Tí Kì í Ṣu Ìdàrọ́

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé yìí, orúkọ oníbàárà ló yẹ kí wọ́n máa kọ sí i. Ojú ewé mẹ́rin péré ni wọ́n kọ, ìyókù ti di tèmi. Ẹni tó bá kà á láìbi mí, kí sálúbàtà ẹ̀ já láàárín òpópó.

Ọ̀gá ò tan iná lónìí. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ní, "Akọ Iná, jókòó." Ẹni tó ti ń lé mi dìde láti ọdún mẹ́fà, tó bá ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Dókítà ojú ti bá a sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kò gbọdọ̀ wo iná ìjórin mọ́ láé. Ojú òsì ti lọ tán, ọ̀tún ń rí ayé bí ẹni tó fi ọ̀rá bojú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wo iná yẹn, ìdajì ẹ̀ láìsí ìbojú, torí wọ́n ní ọkùnrin ni.

"Ṣùgbọ́n mo ti gbaṣẹ́," ó ní. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ mẹ́rìnlélógún, fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Mátírọ̀n ibẹ̀ fẹ́ kọ́kọ́ rí ẹyọ kan ná, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. "Tó bá gbà á, ṣọ́ọ̀bù yìí di tìẹ, èmi á máa jókòó kí àlejò káàbọ̀. Tí kò bá gbà á, màá ta irinṣẹ́, màá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Mi ò lè máa jókòó wo ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ lásán? Ẹ ní kí wọ́n gbé ti erin wá."

Kò rẹ́rìn-ín.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Páìpù dé. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Mátírọ̀n ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè máa fi ọwọ́ kan ti bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi ẹ̀rọ wa àtijọ́, tó ń lo ọ̀pá ẹlẹ́kítíróòdù, bẹ̀rẹ̀. Mo fi kan irin, ó lu. Mo dín iná kù, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Mo fi kún un díẹ̀, ó tún lu. Ihò mọ́kànlá lórí páìpù kan! Èmi! Èmi tí mo jó géètì ilé alájà mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà wò.

Ọ̀gá fi ìka wá àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Fèrè lo ṣe yìí. Ó yá, fun ún ká gbọ́."

Òjò láti àárọ̀. Páànù ń jò lápá ẹ̀yìn.

Fúráìdeè, ọjọ́ keje

Ọ̀gá ní ohun tí wọ́n ń pè ní míìgì ló lè gbà wá. Òun náà ò lò ó rí. Ó rán mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kan ara bọ́ọ̀sì, pé kí n lọ wò ó kí n má sọ̀rọ̀. Mo lọ, mo fọwọ́ sápò bí ẹni tó wá ra bọ́ọ̀sì.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kò sí pé à ń ṣá a bí ìṣáná. Kò sí pé ẹlẹ́kítíróòdù tán, ó yá, ká fi òmíì sí i. Bàbá kan tó wọ ìbojú kàn tẹ ìbọn tó so mọ́ ẹ̀rọ náà ni, wáyà tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin sì ń jáde lẹ́nu ìbọn náà fúnra ẹ̀. Ó ń jáde, ó ń yọ́, ó ń di irin. Gáàsì ń fẹ́ jáde yí i ká kí atẹ́gùn má bàa fọwọ́ kàn án. Ìró ẹ̀ wá! Bí òjò wẹ́wẹ́ tí kò ní í dá lórí páànù.

Nígbà tó gbé ìbọn sílẹ̀, mo ti fa òòlù kékeré yọ, mo fẹ́ gbá ìdàrọ́ kúrò, èèpo dúdú tó máa ń bo ojú iṣẹ́ tiwa. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irin náà kàn ń dán, ó ń wò mí.

Bàbá yẹn ní, "Àbúrò, kí ló ṣe ẹ́ tó o fi ń lù ú?"

"Mò ń wá ìdàrọ́ ẹ̀ ni, sà."

"Èyí kì í ṣu."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi dì mọ́ táyà. Mi ò tiẹ̀ bínú. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé mo mọ iná. Ìyá àgbà ẹ̀ ni mo mọ̀, ọmọ-ọmọ ni mo pàdé lónìí.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ wo ẹ̀rọ rírà. Oníṣòwò tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹnudùn ló mú mi yí ká. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ga tó mi láyà, ó ní táyà lẹ́sẹ̀, ó pupa bí ọkọ̀ panápaná. Ọ̀kan kéré bíi báàgì ọmọ iléèwé, kì í lo gáàsì rárá, ìyẹ̀fun inú wáyà ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gáàsì fún un. Ẹ̀kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, ó dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé nílé àlejò.

Ẹnudùn ní, "Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré ò lè bá yín mu."

Ọkùnrin náà ní làákàyè, ó mọ èèyàn. Mo ti ń fọwọ́ pa pupa yẹn lára nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Fáàsì iná mélòó ló wọ ṣọ́ọ̀bù yín?"

Ìyá Onígáàsì ni. Ẹ̀gbẹ́ Ẹnudùn ló ti ń ta gáàsì, ó jókòó sáàárín àwọn sìlíńdà ẹ̀ bí olórí ẹbí.

"Ọ̀kan ni, mà."

"Mẹ́ta lèyí ń jẹ. Ṣé o fẹ́ rà á kó o máa gbálẹ̀ yí i ká ni?"

Ẹnudùn ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n tajà, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ta ọjà ẹ. Ṣé mo di ọwọ́ ẹ mú? Ọmọ ni mò ń bi ní ìbéèrè." Ó kọjú sí mi. "Irin ẹ ńkọ́, báwo ló ṣe nípọn tó?"

Mo fa ìgékù páìpù yọ lápò. Ó fi èékánná ta á, ó gbọ́ ohùn ẹ̀, ó mi orí. Ó ní ti kékeré yẹn, tí kì í lo gáàsì, ìta ni iṣẹ́ ẹ̀ wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èéfín ẹ̀ pọ̀, ó ń ta pàrà, ó sì lè tún lu páìpù fẹ́lẹ́ báyìí. Ó wá na ìka sí ti àárín. "Yí i sẹ́yìn, kó o ka ohun tó wà níbẹ̀."

Fọ́ọ̀mù kejì ni mo ti sá kúrò níléèwé. Mo ní mo gbàgbé awò mi sílé.

"Ojú tó o fi rí pupa yẹn náà ni kó o fi kà á."

A jọ kà á. Ó ń fi ìka tọ́ka, mò ń pe nọ́ńbà. Tí mo bá fi iná ẹ̀ sí igba, nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ta ló lè fi ṣiṣẹ́, méje tó kù á sinmi. Tí mo bá fi sí àádọ́rùn-ún, kì í sinmi. "Iṣẹ́ tìẹ ò lè kọjá àádọ́rin," ó ní. "Á bá ẹ ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní í mí."

Ẹ̀rọ ni mo ti ń fi ọwọ́ kàn láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń fi ti ògiri. Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jẹ́wọ́. Àwọ̀ àti orúkọ ńlá ló wà níwájú, agbára wọn gan-an wà lẹ́yìn. Mo wá ń ronú nípa ara mi díẹ̀. Mo tètè jáwọ́ ńbẹ̀.

Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ fi tẹ́sítà wọn iná ṣọ́ọ̀bù kí owó tó jáde. Àárọ̀, fóòtì igba ó lé mẹ́wàá. Ọ̀sán, igba ó dín mẹ́jọ. Ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti délé tan fáànù, mẹ́tàdínláàádọ́sàn-án. Mo sáré padà lọ yí ẹ̀rọ àárín yẹn sẹ́yìn. Ó ní òun lè gba iná tó bá já wálẹ̀ dé ọgọ́jọ. Èmi fúnra mi ni mo kà á o! Kò sẹ́ni tó bá mi tọ́ka.

A rà á. Wáyà róòlù kan ti gbówó lórí láti ọjọ́ Sọ́ńdè, gáàsì náà fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ta alùpùpù ẹ̀. Ó ní ojú tí kò rí ọ̀nà, kí ló fẹ́ fi alùpùpù ṣe.

Mo gbé ẹ̀rọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wa. Ooru mú, òjò ò rọ̀ bọ̀rọ̀. Mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ irin, mo ṣí gáàsì, mo wọ ìbojú, mo pe àwọn ará ìta pé kí wọ́n wá wòran.

Kí n má tan ara mi. Ojú iṣẹ́ náà dà bíi kànìnkànìn ìwẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀, ó wú, ó dúdú. Mo tún un ṣe, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará ìta túká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè nílé.

Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Onígáàsì. Mo ní, "Omi lẹ rọ sínú sìlíńdà yìí!" Lójú gbogbo ọjà.

Kò dìde. Ó ní, "Mò ń bọ̀ lọ́la. Tó bá jẹ́ gáàsì mi ni, wàá gba méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ, gbogbo sìlíńdà mi lo máa fọ̀."

Mo ní ó dáa. Mo ti ń ronú ibi tí màá gbé méjì náà sí.

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Ṣé ooru ń mú ẹ ni?"

"Ó ń mú mi, mà."

Ó rìn lọ síbi ògiri, ó yọ fáànù wa. Fáànù ńlá yẹn tó máa ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn láti ọdún mẹ́fà. Ó ní, "Jó o báyìí."

Mo jó o. Ìró òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìbojú. Ìlà kan ṣoṣo, ó tẹ́jú, ó ń dán, kò níhò kankan.

"Gáàsì yẹn ni aṣọ iná," Ìyá Onígáàsì sọ. "O bo iná láṣọ, o tún fi fáànù ṣí aṣọ lára ẹ̀. Ìwọ ló rọ omi sí i, kì í ṣe èmi."

Ẹlẹ́kítíróòdù ò mọ fáànù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìjì. Ohun tí ọwọ́ mi fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ ṣubú lórí àpótí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti oṣù tó wọlé. Tìtorí ẹ̀, mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Sìlíńdà mọ́kàndínlógún ni mo fọ̀. Ìyá Onígáàsì ka wọ́n ṣáájú, ó tún ka wọ́n lẹ́yìn.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màámi ní mò ń yìnbọn lójú oorun, pé mo ń fi ẹnu ṣe "ṣàà". Wọ́n ní bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ó dáa, bó bá jẹ́ nǹkan míì, kí n sọ fáwọn.

Túsìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo rí nǹkan lónìí.

Ọ̀gá ò gbọdọ̀ wo iná, torí náà ó gbé àpótí ẹ̀ kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó etí bẹ́ẹ̀dì. Lójijì, ó ní, "Wáyà ẹ ń yára jù."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ń ti ọwọ́ ẹ sẹ́yìn, àbí kò ti ọwọ́ ẹ sẹ́yìn?"

Lóòótọ́, ó ń tì mí. Mo dín in kù.

"O ti dín in jù. Ó ń bú bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Fi díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Dúró! Òun nìyẹn. Wá sún mọ́ irin, ìbọn ẹ jìnnà."

Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan míìgì rí láyé ẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ ibi tí ọwọ́ mi wà. Mo dá ọgbọ́n, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìbọn sókè bí ìwọ̀n ẹyọ ọkà kan. Ó ní, "Má dán mi wò."

Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún

Egungun bẹ́ẹ̀dì ti dúró. Igun mẹ́jọ ni mo jó lónìí, kò sí èyí tí mi ò lè fi han ọba. Ìlà mi rí bí owó ẹyọ tí wọ́n tò lé ara wọn. Bàbá àwọn oníbọ́ọ̀sì yẹn yà wá wò ó, ó ní, "Ìwọ lo ń wá ìdàrọ́ níjọ́sí?" Mo ní èmi kọ́, ìbejì mi ni.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo jó àwo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin pẹlẹbẹ tí táyà ń so mọ́, mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo kùn ún lọ́dà. Ó funfun báláú. Ó ku ọ̀la kó gbẹ. Ta ló tún dà bí èmi ní gbogbo àdúgbò yìí? Kí ó jáde!

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá fọwọ́ pa bẹ́ẹ̀dì náà yí ká, ó ní, "O káre. Wá jó ọ̀kan tí n óò fọ́."

Mo mú ìgékù páìpù, mo jó o mọ́ àwo táyà tó ṣẹ́kù, bí mo ṣe ṣe ti bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ó lẹ́wà. Ọ̀gá gba òòlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwo náà já sílẹ̀ bíi sítíkà. Mo gbé e, mo wo ojú ẹ̀. Àwo yẹn nípọn ní ìlọ́po mẹ́rin páìpù, awọ dúdú tó ti ilé iṣẹ́ wá ṣì wà lára ẹ̀. Iná ò wọ ibẹ̀ rárá. Ó kàn jókòó lé e ni.

Ẹlẹ́kítíróòdù, tó bá burú, ojú ẹ̀ á burú, wàá mọ̀. Ìdọ̀tí ò sì dí i lọ́wọ́, ìyẹn ni mi ò fi ronú àti fọ awọ dúdú yẹn kúrò. Míìgì yìí ń fi ẹwà purọ́. Mẹ́rin irú irọ́ yẹn ló sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì funfun mi, ọ̀dà ti bò ó, ọ̀la ni mátírọ̀n ń retí wa.

Mo máa kọ ọ́ torí kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí: mo rò ó pé kí n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mátírọ̀n ò ní í mọ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí ẹyin fi ń jinná ni mo fi rò ó. Ká ní Ọ̀gá sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá bá a jà, bóyá ǹ bá sì borí. Ó kàn na òòlù sí mi, ó mú un dání títí mo fi gbà á.

Mo gé àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Mo lọ awọ dúdú wọn títí wọ́n fi funfun. Mo fi kún iná, mo kọjú ìbọn sí àwo tó nípọn, mo wá fi ẹ̀tàn fa iná lọ sára páìpù. Mo kọ́kọ́ fi ìgékù dán an wò. Àkọ́kọ́ já. Èkejì já. Ẹ̀kẹta lu. Ẹ̀kẹrin, mo fi òòlù ńlá lù ú, mo bá a jìjàkadì, páìpù ká, páìpù fúnra ẹ̀ wá ya bí aṣọ, ojú iṣẹ́ ò mira. Odidi irin ya, ibi tí mo so ó pọ̀ ò ya! Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó. Ọ̀gá ní, "Ó dé ibẹ̀?" Mo ní, "Ó dé ibẹ̀, sà."

Mo jó ti bẹ́ẹ̀dì. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè gbẹ, mi ò tiẹ̀ kùn ún.

Fúráìdeè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn mọ́ débi pé mo fẹ́ bọ́ bàtà. Mátírọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò kùn ún."

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ dídùn láti ilé. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo kàn yọ irin méjì jáde nínú ọ̀rá, èyí tó já àti èyí tó kọ̀, mo ní, "Báyìí ni mo ṣe ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, mà. Ó dáa lójú. Mo gé e kúrò lánàá, ọ̀dà ò rójú gbẹ."

Ó dìde nílẹ̀. Ó mú mi lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, ó ń dán bí àwo, táyà kan ti já kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. "Èyí tí wọ́n kùn dáadáa nìyẹn," ó ní. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló gbá a mú láfẹ́fẹ́."

Mo gbé àwo tó já náà. Mo yí i. Awọ dúdú wà lára ẹ̀, odindi. Mi ò mọ ẹni tó jó o, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ mi ti ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni.

Mátírọ̀n ní kí n fún òun ní òòlù. Obìnrin náà ká ọwọ́ aṣọ, ó lu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ṣàánú. Àwọn ọmọ ń ké ní yàrá kejì. Ó fi ọwọ́ kan ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ dé ògiri, ó fà á padà. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ ó gbọ́ látọ̀dọ̀ wa."

Ẹ ó gbọ́! Etí mi ti ń hó láti ìgbà náà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Wọ́n pè láàárọ̀. Mẹ́tàlélógún tó kù, ká bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí ẹsẹ̀ wọn má ní ọ̀dà títí mátírọ̀n á fi fi òòlù ẹ̀ kí wọn.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, etí tó ń gbọ́ ìrìn wáyà! Mo tún un sọ.

Ó dìde, ó tọ ògiri lọ síbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó mú un, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó gbé àpótí ẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí àlejò ń gbà wọlé, ó jókòó. Mo wọ ìbojú, mo fọ àwo àkọ́kọ́, mo fẹ́ tẹ ìbọn.

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá."

Mo wẹ̀yìn wò, pé ta ni Ọ̀gá ń kí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.